Ẹ̀yáwó Fún Kámẹ́rà Onífíìmù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Bèèrè

(Ọ̀rọ̀ tí alábẹ̀wò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Ẹgàn, Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó)

A mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Ìgàndò ti fi ojú ọ̀pọ̀ nínú yín rí nǹkan kí ẹ tó dé ibí, nítorí náà a kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Ohun tí ó gbé wa wá ni ìwé ẹ̀yáwó mẹ́ta tí ó wà níwájú ìgbìmọ̀ yín. Ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń fi iṣẹ́ fótò jẹun bèèrè owó láti ra kámẹ́rà onífíìmù kékeré, irú èyí tí ènìyàn kàn ń gbé sójú tí ó sì ń tẹ̀. Ìgbìmọ̀ pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà inú wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò tún máa ra fíìmù nígbà tí fóònù wà lápò ọmọdé àti àgbà? Àwọn ọ̀dọ́ ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé àwọn tí ń ṣègbéyàwó àti àwọn tí ń ṣe ọjọ́ ìbí ti tún ń bèèrè fótò onífíìmù, pé wọ́n fẹ́ràn bí àwọ̀ rẹ̀ ti rí, wọ́n sì ń san owó lé e. Akọ̀wé yín wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì wa pé kí a wá bá wọn dá sí i.

Kí a tètè sọ ọ́ kí ó má baà di ìjà: kì í ṣe iṣẹ́ alábẹ̀wò láti fún ènìyàn ní ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi du ènìyàn. Ìgbìmọ̀ yín ni ó ni àṣẹ yẹn. Iṣẹ́ tiwa ni láti wo ìwé, kí a sì bèèrè bóyá owó tí ó jáde lọ mọ ọ̀nà ilé. Lójú tiwa, àtàgbà àtọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ ń jiyàn lórí ohun tí kì í ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ni wọ́n kọ sórí ìwé, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kọ́ ni yóò jẹ owó ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Àpótí oníke kékeré ni kámẹ́rà yìí, ó fúyẹ́, ó gba àpò ẹ̀wù. Awò iwájú rẹ̀ dúró sójú kan, kò sí ohun tí ẹ ó yí láti mú kí àwòrán mọ́ sí i. Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń padé kò mọ̀ ju ìwọ̀n kan ṣoṣo lọ. Ẹ mú èyí tí wọ́n ń pè ní Kodak M35. Ihò rẹ̀ jẹ́ f/10. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 120, ọ̀nà kan péré ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ fi ń ṣí. Bí òòrùn ràn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí òjò ṣú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ń mú ohunkóhun tí ó bá jìnnà tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ yóò dàrú. Òmíràn ni Kodak Ektar H35, tí ó jáde ní 2022. Ìyẹn ń pín ojú fíìmù kọ̀ọ̀kan sí méjì, tí fíìmù 36 fi ń di àwòrán 72. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ tàn yín: ilé-iṣẹ́ Kodak tí àwọn bàbá wa mọ̀ kọ́ ni ó ń ṣe kámẹ́rà méjèèjì yìí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Hong Kong ni ó gba àṣẹ láti fi orúkọ náà ta ọjà.

Yàtọ̀ sí titun, àwọn tòkunbọ̀ wà pẹ̀lú. Ní 1977 ni Konica gbé C35 AF jáde, kámẹ́rà àkọ́kọ́ tí a ṣe lọ́pọ̀ tí ó ń fúnra rẹ̀ wá ibi tí àwòrán yóò ti mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oríṣiríṣi rọ́ jáde, tí mọ́tò kékeré inú wọn ń ká fíìmù fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí dára ju èyí tí awò rẹ̀ kò mira lọ, ṣùgbọ́n iná inú wọn ni ẹ̀mí wọn. Ọjọ́ tí iná náà bá kú, oníṣẹ́ tí yóò jí i dìde ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀, kí ó fi bátìrì sí i lójú ẹni tí ń tà á, kí ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó fojú ara rẹ̀ rí i pé ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ ń ṣí àti pé fíláàṣì ń tàn. Kí ó sì bèèrè irú fíìmù tí ó ń jẹ. Àwọn Instamatic tí ó kárí ayé láti 1963 ń jẹ fíìmù 126, Kodak sì ti ṣíwọ́ ṣíṣe fíìmù yẹn láti 1999. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ ta yín lọ́rẹ, ohun ọ̀ṣọ́ orí tábìlì ni. Fíìmù 135, èyí tí ó ti wà láti 1934, ni ẹ máa bèèrè.

Owó tí kámẹ́rà ń jẹ lẹ́yìn tí a bá rà á tán

Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1888, George Eastman ará Amẹ́ríkà ta Kodak àkọ́kọ́ ní dọ́là 25, pẹ̀lú fíìmù 100 àwòrán nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó rà á bá yà á tán, òun àti kámẹ́rà inú rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ sí ìlú Rochester, yóò sì san dọ́là 10 kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì kó fíìmù mìíràn sí i. Nígbà tí ó di 1900, ó gbé Brownie jáde, àpótí onípáálí, dọ́là kan péré. Fíìmù rẹ̀ tí ń ya àwòrán 6 jẹ́ sẹ́ǹtì 15. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣòwò, ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ẹni tí ó bá lo fíìmù 7 ti ná ju iye kámẹ́rà lọ. Eastman mọ ohun tí ó ń ṣe. Ilẹ̀kùn ni ó tà ní ọ̀pọ̀ yẹn, kí ayé lè máa san owó ìwọlé.

Bí ó ti rí nígbà náà ni ó rí títí di òní, àfi pé ti wa tún le jù. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ní Nàìjíríà. Láti Amẹ́ríkà, Ìlú Ọba àti Japan ni ó ti ń wá, owó òkèèrè ni a sì fi ń rà á. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó dé bá náírà láti oṣù kẹfà 2023.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò sọ pé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nìyí. Iye tí ẹ bá bá lọ́jà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ká ní kámẹ́rà jẹ́ ₦40,000. Ká ní fíìmù kan jẹ́ ₦20,000, kí fífọ̀ rẹ̀ àti kíkó o sórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ₦10,000. Fíìmù kan ti di ₦30,000 nìyẹn. Bí onífótò bá lo fíìmù 4 lóṣù, ó ti ná ₦120,000, ìlọ́po mẹ́ta owó kámẹ́rà, láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó yá ₦40,000 fún kámẹ́rà yóò ti padà wá bá yín kí ìwé àkọ́kọ́ tó gbẹ, tàbí kí ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù lọ, kí wọ́n máa pe àwọn ẹbí rẹ̀ láti dójú tì í.

Kò tán síbẹ̀. Fíìmù kan jẹ́ àwòrán 36, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ. Ẹnìkan yóò dijú, òmíràn yóò gbé ọwọ́ bojú awò, òmíràn yóò jókòó síbi tí ó ṣókùnkùn. Ká ní 6 bàjẹ́, tí 30 dára. Bí a bá pín ₦30,000 sí 30, àwòrán kan ti jẹ onífótò ní ₦1,000 kí ó tó gbé e fún ẹnikẹ́ni. Owó ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Pépà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí kò sí níbẹ̀. Èlé ẹgbẹ́ pẹ̀lú kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba ₦1,000 lórí àwòrán kan, oníbàárà rẹ̀ ni ó ń sin. (A gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ lẹ́yìn pé ṣé kámẹ́rà tí ń sọ 36 di 72 kò ní yanjú rẹ̀. Yóò dín ìnáwó kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nẹ́gétíìfù rẹ̀ á kéré ní ìlàjì, bí wọ́n bá sì ní kí o tẹ̀ ẹ́ ní ńlá láti gbé kọ́ ògiri pálọ̀, ojú rẹ̀ yóò máa rí wínníwínní. Fún àwòrán kékeré tí a ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ó tó.)

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ kò jàre tán, àwọn ọ̀dọ́ náà kò sì jàre tán. Iṣẹ́ ń bẹ nínú rẹ̀ o, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀yáwó kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí ẹ bá fún ní owó kámẹ́rà láìfún un ní owó fíìmù, ẹ ra ìkòkò fún un, ẹ kò fún un ní ìyẹ̀fun.

Ohun tí àpótí kékeré yìí kò lè ṣe

Àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún níbí yóò rántí bí òde àríyá ti máa ń rí ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti ní Ẹgàn níbí. Onífótò yóò ya fíìmù kan tán, yóò fò sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìfọ-fótò. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì ìkẹyìn, ó ti padà dé, ó ti tẹ́ àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pàtẹ ọjà, kálukú ń wá ojú ara rẹ̀. Bí o kò bá ra tìrẹ, àdánù rẹ̀ nìyẹn. Fóònù ni ó pa òwò yẹn. A ti ṣí ìwé àwọn ẹgbẹ́ kan wò tí ẹ̀yáwó àwọn onífótò dúró sójú kan níbẹ̀ láti ọdún yẹn wá, tí àwọn onígbọ̀wọ́ wọn sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Àríyá yẹn náà, òru ni púpọ̀ nínú rẹ̀, òru sì ni ọ̀tá kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú. Fíláàṣì rẹ̀ kò lágbára ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀yìn ìyẹn, òkùnkùn ni yóò bá lọ. Ẹni tí ó ní òun yóò fi ya gbọ̀ngàn lálẹ́ fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ sòkò sódò ni. Ọ̀sán gangan, ìta gbangba, ẹ̀bá ìmọ́lẹ̀, níbẹ̀ ni ó ti lè jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ awọ wa tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kodak ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fótò, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n ń pè é. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, wọ́n gbà pé gbogbo rẹ̀ ti tọ́ nìyẹn. Ó di àwọn ọdún 1990 kí wọ́n tó gbé káàdì tí aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀ jáde. Fíìmù ti òde òní sàn ju ti ìgbà yẹn lọ, síbẹ̀ kámẹ́rà tí kò mọ̀ ju ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan lọ kò lè ro ti awọ ẹnikẹ́ni. Bí ìyàwó bá wọ léèsì funfun tí ó dúró sábẹ́ igi, léèsì yóò mọ́ rekete, ojú ìyàwó kò ní hàn. Ẹ lo fíìmù 400, ẹ kọ ojú ẹni tí ẹ ń yà sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ má sì gbé òòrùn sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀gá àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Wọ́n kọ́ ọ fún ọdún púpọ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀gá wọn kí wọ́n tó gba fírídọ̀ọ̀mù.

Ẹni tí ó bá sì tún ń fojú di àpótí yìí pátápátá, kí ó rántí J. D. ’Okhai Ojeikere. Ọmọ Emai ni, ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ti òní, a bí i ní 1930. Brownie D ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950, èyí tí kò tilẹ̀ ní fíláàṣì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó kọ́ ọ bí wọ́n ti ń lò ó. Ní 1954 ó di ọmọṣẹ́ nínú yàrá ìfọ-fótò ti ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn. Ní 1961 ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn, ní 1963 ó dé Èkó níbi tí ó ti ń ya àwòrán ìpolówó ọjà, ó sì ṣí ilé fótò tirẹ̀, Foto Ojeikere, ní 1975. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, iṣẹ́ tí ó gbé orúkọ rẹ̀ yí ayé ká, Brownie ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Àpótí kékeré ni ó fi kọ́ ojú rẹ̀ ní ìwòran. A sọ èyí nítorí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ṣeé ṣe kí kámẹ́rà yìí dára fún un ju bí ó ti dára fún àwọn méjì yòókù lọ. Ẹni tí fíìmù 36 bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ owó, yóò kọ́ láti wò kí ó tó tẹ̀.

Nẹ́gétíìfù

A wá kan ibi tí a fẹ́ kí ẹ ṣe sùúrù fún wa díẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí fíìmù bá wọ́n tó báyìí, kí ni ó kù tí a lè tìtorí rẹ̀ san owó náà? Nẹ́gétíìfù ni. Fótò orí fóònù a máa bá fóònù lọ: ó jábọ́ sínú omi, wọ́n jí i gbé lórí ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ ìwọlé di ìgbàgbé, gbogbo ọjọ́ ìkómọ ti lọ. Nẹ́gétíìfù jẹ́ ohun tí a lè fọwọ́ mú. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ dáadáa tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tí ó gbẹ, ọmọ yóò bá a, ọmọ ọmọ yóò sì tún tẹ̀ ẹ́.

Àwa Yorùbá ti mọ iyì rẹ̀ tipẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1970, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífótò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 1978. Ó rí i pé àwọn ìyá ìbejì kan ti ń lo fótò dípò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n á gbé èyí tí ó kù lọ sọ́dọ̀ onífótò. Onífótò á yà á lẹ́ẹ̀kan, á sì tẹ nẹ́gétíìfù kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, Táíwò àti Kẹ́hìndé á wá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá jẹ́ akọ tí èkejì jẹ́ abo, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un. Nẹ́gétíìfù kan ni ó dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀.

Ti Ojeikere tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ó tọ́jú nẹ́gétíìfù rẹ̀. Irun tí wọ́n ti tú ní ọjọ́ kejì tí wọ́n dì í, ó gbé e lọ sí Paris ní 2000, sí Kassel ní Jámánì ní 2007, àti sí Venice ní Ítálì ní 2013. Ó kú ní 2014, àwòrán wọ̀nyẹn ṣì ń rìn káàkiri ayé.

Nígbà tí a wá wo ìwé yín ní ọdún tó kọjá, akọ̀wé mú wa lọ kí bàbá àgbà kan, ọmọ ẹgbẹ́ yín tí ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ fótò. Páálí mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń sọ pé kí wọ́n dà wọ́n sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí tí ń lọ sí Solous, nítorí aáyán. A ṣí ọ̀kan. Ìsọmọlórúkọ, ìwúyè, ilé tí kò sí mọ́, ọ̀nà Ẹgàn nígbà tí ó ṣì jẹ́ erùpẹ̀, ìpàdé ẹgbẹ́ yín kan tí alága yín lónìí ṣì ní irun dúdú nínú rẹ̀. Àwọn kan ti lẹ̀ mọ́ra nítorí ooru, aáyán sì ti jẹ lára àwọn mìíràn. Ìyá kan tí ó bá wa lọ gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ó sì dákẹ́. Ìyá tirẹ̀ ni ó rí níbẹ̀. Fótò kan ṣoṣo tí ó ní ti ìyá náà ti bá àgbàrá lọ ní ọdún tí omi wọ ilé wọn. Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà ni pé, “Bàbá, èló ni ẹ ó gbà kí ẹ tẹ èyí fún mi?”

Bàbá kò mọ èló. Ó ti ń ka páálí wọ̀nyẹn sí ìdọ̀tí tí òun kò lọ́kàn láti dànù. Àwa, tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti wá ohun ìní kiri inú ìwé, rí i pé ohun ìní ni. Iye ilé tí ó wà ní Ẹgàn tí ẹnìkan wọn wà nínú páálí mẹ́rin yẹn kò kéré.

Ohun tí a fi síwájú ìgbìmọ̀

Ní 1844, àwọn 28 kan ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá pọ́ọ̀n kọ̀ọ̀kan jọ, wọ́n ṣí ìsọ̀. Ìyẹ̀fun, bọ́tà àti ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà. Ẹ mọ ìtàn yìí, a ti sọ ọ́ fún yín títí ó fi sú yín. A mẹ́nu kàn án lónìí nítorí pé ohun tí ń tán lójoojúmọ́ ni wọ́n pawọ́ pọ̀ rà. Fíìmù ni ìyẹ̀fun iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, dípò ẹ̀yáwó mẹ́ta fún kámẹ́rà mẹ́ta, a bèèrè pé ṣé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà méjì, kí wọ́n sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà ra fíìmù pọ̀? Ẹni tí ó bá ra ogún pọ̀ yóò rí i rà ní ọ̀pọ̀ ju ẹni tí ń ra ẹyọ kan kan lọ. Kí wọ́n wo ọjọ́ tí ó máa bàjẹ́ lára páálí rẹ̀. Fíìmù kò fẹ́ ooru: inú fíríìjì ni kí ó wà, kí wọ́n sì gbé e jáde ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú kí wọ́n tó ṣí i, kí omi má baà là sí i lára. Bí ẹnìkan yóò bá bá wọn mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kí ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi ń wo inú ẹrù báyìí lè ba fíìmù tí a kò tíì fọ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ó bá gba inú rẹ̀ kọjá.

Kí wọ́n tó gba kọ́bọ̀, kí wọ́n lọ wá ilé ìfọ-fíìmù tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi fíìmù kan dán an wò. Láti 1972 ni ọ̀nà tí a fi ń fọ fíìmù aláwọ̀ mèremère, èyí tí wọ́n ń pè ní C-41, kò ti yí padà: omi àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 37.8 sẹ́ńtígíréèdì, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni fíìmù yóò sì lò nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń fi ojú wọn ìgbóná omi, tàbí tí oògùn wọn ti pẹ́ nílẹ̀ nítorí iṣẹ́ kì í wá, ẹ má gbé fíìmù ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni lọ síbẹ̀. Kí wọ́n sì gba nẹ́gétíìfù wọn padà. Àwọn kan wà tí wọn yóò fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ, tí wọn yóò sì da nẹ́gétíìfù nù bí o kò bá bèèrè.

Fún àwọn onígbọ̀wọ́: ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí kò sọ iye fíìmù tí ẹni náà yóò lò lóṣù, àti ẹni tí ó ti ṣèlérí láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà tí ó fi owó sílẹ̀ ṣáájú ni oníbàárà. Ẹni tí ó ní “ẹ máa bọ̀, a ó rí yín” kì í ṣe oníbàárà.

Ní ti bàbá àgbà wa, a dábàá pé kí ẹgbẹ́ yọ àyè kan fún nẹ́gétíìfù rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí ó wà ní ọ́fíìsì, kí àwọn onífótò mẹ́ta yìí sì bá a tò wọ́n. Àpò-ìwé ni kí wọ́n kó wọn sí, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń la omi. Kí wọ́n kọ ọdún àti orúkọ tí bàbá bá ṣì rántí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ó sì ń rántí púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n tẹ tirẹ̀ yóò sanwó, bàbá yóò gba ìpín tirẹ̀, àwọn tí ó ṣiṣẹ́ yóò gba tiwọn, ẹgbẹ́ yóò gba díẹ̀ fún kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Iye tí ìpín kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ó jókòó pín in, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí páálí àkọ́kọ́ tó kúrò ní ilé bàbá, kí ọ̀rọ̀ má baà dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ó bá ti di ẹjọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbà láti tún ìwé wọn kọ. Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ìgbìmọ̀ yóò sì jókòó lé e lórí kí oṣù yìí tó parí. Bàbá ní kí wọ́n wá gbé páálí náà ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí ó bá ní àpò-ìwé tí ó gbẹ nílé, kí ó mú un dání wá.